Láti Ìgbà Lúkúlúkú dé Ìgbà Kòrónà: Ìtàn Àdúrà Inú Ilé ní Agbègbè Mowé, Ìbàfọ̀ àti Ifọ̀

Awakọ̀ tó bá mọ ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn dáadáa kì í fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun láàárín Ìbàfọ̀ àti Mowé ní ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ìjọ Redeemed Christian Church of God, tí tẹrú-tọmọ ń pè ní Rìdíìmù, máa ń ṣe ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ ní ibùdó wọn. Ọkọ̀ á tò bí ìjàlọ, àwọn oníbúrẹ́dì àti olómi inú ọ̀rá á máa sáré láàárín ọkọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á sì mú títí di ìdájí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹrin ọdún 2020 yàtọ̀. Kò sí èrò tó ń wọ́ lọ sí ibùdó kankan. Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ìyẹn ọjọ́ kẹta oṣù, ni òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ rẹ̀ fún Èkó, Àbújá àti Ògùn láti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún tọrọ ọjọ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n lè pèsè oúnjẹ ìrànwọ́ fún ará ìlú.

Ìjọ tí a mọ̀ mọ́ èrò rẹpẹtẹ wá di ìjọ tí èrò kò gbọdọ̀ pé jọ nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà nígbà náà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí ìgbàgbọ́ ti dé ilẹ̀ Yorùbá. Ó ṣẹlẹ̀ rí. Kì í ṣe pé ó ṣẹlẹ̀ rí nìkan, inú irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni a ti bí ẹgbẹ́ aládùúrà, tí àwọn ìjọ ńlá ojú ọ̀nà náà kan ti ṣẹ̀ wá. Àwọn àgbà ló sọ pé bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn á ṣeé padà sí. Láti mọ bí àwọn onígbàgbọ́ Mowé, Ìbàfọ̀ àti Ifọ̀ ṣe fara da ọdún 2020, ó yẹ kí á padà sẹ́yìn dé ọdún 1918.

Àrùn tó wọ ọkọ̀ ojú irin

Ọ̀nà méjì ló la agbègbè tí à ń sọ yìí kọjá. Ọ̀nà márosẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1978, ló mú Ìbàfọ̀ àti Mowé, tí wọ́n wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, di ìlú ńlá. Ọ̀nà kejì ti wà tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Òun ni ojú irin tí àwọn òyìnbó amúnisìn bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó ní 1896, tó gba Ifọ̀ kọjá sí Abẹ́òkúta, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ibi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń gbé èrò àti kòkó kọjá, àìsàn náà lè bá a kọjá.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ sópin, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Bida kó èrò láti Akra wá sí èbúté Èkó. Àwọn kan nínú rẹ̀ ti kó àìsàn tí gbogbo ayé ń bá jà lọ́wọ́ nígbà náà, tí àwọn òyìnbó ń pè ní influenza, tí àwọn ará wa ní ọ̀pọ̀ ibi sì ń pè ní lúkúlúkú. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti gba ojú irin dé òkè. Orí á fọ́ ènìyàn, ara á gbóná, ikọ́ á sì dé. Ẹni tó lọ sí oko ní àárọ̀ lè má lè dìde ní ọjọ́ kejì. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ló kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè náà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 lọ.

Ìjọba amúnisìn ṣe ohun tí ó mọ̀. Wọ́n ti ilé-ìwé, wọ́n ti ibi àpéjọ, wọ́n sì ti ilé ìsìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wọ ilé onílé láti wá aláìsàn, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì ń sá lọ sí abúlé nítorí ìbẹ̀rù wọn. Bí wọ́n ṣe ń sá ni wọ́n ń gbé àrùn náà lọ.

Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan nínú ọmọ ìjọ Áńgílíkà ti St. Saviour's kò fẹ́ kí títì ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì di títì ilẹ̀kùn àdúrà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ náà, Joseph Shadare, kó àwọn díẹ̀ jọ fún àdúrà. Ẹgbẹ́ kékeré ni, ó sì wá di èyí tí a mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Olùkọ́ ilé-ìwé kan wà láàárín wọn, Sophia Odùnlámì, tí lúkúlúkú ti dá dùbúlẹ̀. Nígbà tó dìde, ó ní òun gbọ́ ìṣípayá pé kí àwọn ènìyàn fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì lo omi òjò, wọn yóò rí ìwòsàn. Ó ń kéde ọ̀rọ̀ yìí kiri, àwọn ènìyàn sì ń gbọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní lè rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ omi òjò. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á bi ara wa léèrè pé kí ni wọ́n kọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n fi gba omi òjò. Ní 1918, kò sí dókítà kankan ní gbogbo ayé tó mọ kòkòrò tí ń fa àrùn náà. Ọdún 1933 ni wọ́n tó rí i lára ènìyàn. Wọn kò tíì rí penisílíìnì tí ì bá gba ẹni tí àìsàn náà di òtútù àyà sí lára là. 1928 ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ilé ìwòsàn ìgbà náà kò ní ohun púpọ̀ láti fún aláìsàn ju kó sinmi, kó mu omi, kí ẹnì kan sì máa tọ́jú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúrà náà ń bẹ ara wọn wò, wọ́n sì ń gbé omi fún ẹni tí kò lè dìde. Ìtọ́jú ni ìyẹn pẹ̀lú, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àrùn lọ, ẹgbẹ́ kò tú ká. Ìgbàgbọ́ wọn pé kò yẹ kí onígbàgbọ́ lo oògùn, àti pé kò tọ́ láti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, dá èdèàiyedè sílẹ̀ láàárín wọn àti àwọn aláṣẹ ìjọ Áńgílíkà. Ní 1922 wọ́n yà kúrò. Ó ná wọn ní nǹkan: Shadare fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìjọ sílẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ Sophia Odùnlámì.

Ohun kan tí ó yẹ kí á ṣàkíyèsí ni bí wọ́n ṣe wà ní ìṣọ̀kan lẹ́yìn náà. Nípasẹ̀ David Odùbánjọ ní Èkó, wọ́n bá ìjọ Faith Tabernacle tí ń bẹ ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, da nǹkan pọ̀. Ìjọ náà kò rán míṣọ́nnárì wá sí Nàìjíríà. Lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ni wọ́n ń gbà, òun ni wọ́n ń kà nínú ilé, òun ni wọ́n sì fi ń mọ̀ pé àwọn kò dá wà. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé ọdún 2020 ni onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá kọ́kọ́ bá ẹni tí kò rí sójú sìn, kò tíì gbọ́ ìtàn yìí.

Láti yàrá àdúrà dé ibùdó

Irúgbìn ọdún 1918 hu káàkiri. Àrùn eku tó jà ní Èkó láti 1924 tún mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa wá àdúrà ìwòsàn. Ní 1925, Moses Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Christiana Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, dá Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1930, Josiah Òṣítẹ̀lú dá Ìjọ Olúwa sílẹ̀ ní Ògèrè Rẹ́mọ, ìlú tí ọ̀nà márosẹ̀ kan náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lónìí. Ọdún yẹn kan náà ni ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà. Láti inú ẹ̀ka Faith Tabernacle tí Shadare àti Odùbánjọ wà ni Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi ti jáde.

Nínú Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ni ọmọ Oǹdó kan tí ń jẹ́ Josiah Akíńdáyọ̀mí ti sìn fún ọdún púpọ̀. Ní 1952, òun àti àwọn ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n ń pàdé fún àdúrà ní ilé kan ní òpópó Willoughby, Èbúté-Mẹ́ta, dá ìjọ Rìdíìmù sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Ògo Olúwa ni wọ́n ń pe ìpàdé ilé náà tẹ́lẹ̀. Akíńdáyọ̀mí kò kàwé. Yorùbá ló fi ń wàásù, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò kan ní Yunifásítì Èkó, Enoch Adébóyè, tó dara pọ̀ mọ́ ìjọ ní 1973, sì wá di ògbufọ̀ rẹ̀. Akíńdáyọ̀mí kú ní 1980, Adébóyè sì di Alábòójútó Àgbà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní 1983 ni ìjọ ra ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ nítòsí Mowé, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó.

Ìyókù kò ṣòro láti rí fún ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Igbó di ibùdó, ibùdó di ìlú tó ní ilé gbígbé, ilé-ìwé, báńkì àti ọjà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Ìjọ Òkè Iná àti Iṣẹ́ Ìyanu kọ́ Ìlú Àdúrà sí apá Ìbàfọ̀, ìjọ Deeper Life ní ibùdó tirẹ̀, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí NASFAT náà sì ní ibùdó ní Asésé. Mowé àti Ìbàfọ̀ wá di ibi tí a fi ń ka ìgbàgbọ́ pẹ̀lú iye ọkọ̀. Bí gbọ̀ngàn ṣe ń gbòòrò ni ìrántí òpópó Willoughby ń dínkù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpàdé inú ilé kò tán rárá láàárín ìjọ Rìdíìmù.

Ọdún tí gbọ̀ngàn dákẹ́

Bí lúkúlúkú ti gba Ifọ̀ kọjá nínú ọkọ̀ ojú irin, bẹ́ẹ̀ ni kòrónà kò jìnnà sí Ifọ̀ nígbà tí ó dé. Ẹni àkọ́kọ́ tí a rí i lára rẹ̀ ní Nàìjíríà jẹ́ ará Ítálì kan tó gúnlẹ̀ sí Èkó, tó sì lọ sí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Ifọ̀ ní ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní àrùn náà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní Yábàá, ó sì gbádùn.

Ní agbedeméjì oṣù Kẹta, ìjọba Èkó àti Ògùn fi òfin de àpéjọ tó bá ju ènìyàn 50 lọ. Ìjọ Rìdíìmù kò bá wọn jiyàn. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ ìjọ máa sìn ní ilé kéékèèké, kí wọ́n sì máa wo Alábòójútó Àgbà lórí tẹlifíṣàn ìjọ àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí kónílé-ó-gbélé dé, àní ilé aládùúgbò kò tún ṣeé lọ mọ́. Àjíǹde, tó bọ́ sí ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin, di ti bàbá, ìyá àti ọmọ nínú pálọ̀. Ìpàdé àgbáyé ìjọ náà ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kò ní èrò nínú gbọ̀ngàn. Ilé kálukú ni wọ́n ti wò ó.

Tẹlifíṣàn mú ohùn aṣáájú dé ilé, ṣùgbọ́n kò lè mọ ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ ní ilé kejì. Fóònù ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹgbẹ́ ìyá, ẹgbẹ́ akọrin àti ìpàdé àdúgbò sọ WhatsApp di àgbàlá ìjọ. Wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́ ní ìdájí, wọ́n ń ka orúkọ ara wọn, ẹni tí a kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, wọn á pè é. Ẹni tí kò ní fóònù olówó ńlá ń gbọ́ ìwàásù lórí rédíò. Iná mànàmáná kì í sábà sí, owó dátà kò sì rọrùn fún ẹni tí kò tajà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ìsìn orí afẹ́fẹ́ kàn. Arúgbó tí kò mọ fóònù tẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ kò sì sí nítòsí, kò ní ju Bíbélì rẹ̀ àti ògiri lọ. Bí ìjọ kan bá rántí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìpàdé kékeré tó mọ ojúlé rẹ̀ ló rántí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ebi náà kò kéré. Ní Mowé àti Ìbàfọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ló ń jẹun láti ara èrò ibùdó: ẹni tí ń ta búrẹ́dì, ẹni tí ń ta ẹní, ọlọ́kadà, onílé àlejò. Ìjọ tí kò pàdé di ọjà tí kò ná. Kí oúnjẹ ìrànwọ́ ìjọba tó dé ọwọ́ díẹ̀, gààrí àti ìrẹsì tí ọmọ ìjọ pín fún ọmọ ìjọ ló gbé ilé púpọ̀ ró. Àdúrà tí kò bá gààrí rìn ní ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn kì í pẹ́ kó tó rẹ ẹni tí ń gbà á.

Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde kan náà, ìbẹ̀rù mìíràn tún dé. Ìròyìn kàn pé àwọn ọlọ́ṣà ń bọ̀ láti ẹnubodè Èkó. Ní Agbádo ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, àti ní Sángo-Ọ̀tà lọ́hùn-ún, àwọn ọkùnrin dáná táyà sí ojú títì, wọ́n fi àdá àti igi ṣọ́ òru. Ọmọ ìjọ yìí àti ọmọ ìjọ tọ̀hún, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, jókòó ti iná kan náà. Àìsùn ni àwọn onígbàgbọ́ máa ń pe ìsìn òru wọn. Ní ọdún yẹn, ojú títì ni wọ́n ti ṣe é.

Ohun tí ó yí padà

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín 1918 àti 2020, kò sì yẹ kí á fi ọwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn baba ńlá ẹgbẹ́ aládùúrà kọ oògùn sílẹ̀. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ní ọ̀nà márosẹ̀ gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu, wọ́n ti gbọ̀ngàn wọn, wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n wọ ìbòmú. Ìjọ Rìdíìmù tilẹ̀ fi ohun èlò ìlera ta ìjọba Èkó lọ́rẹ. Àwọn kan bínú. Wọ́n ní bí ọjà bá lè ṣí, kí ló dé tí ilé Ọlọ́run kò lè ṣí? Àwọn oníwàásù kan ní Nàìjíríà tilẹ̀ ń sọ pé irọ́ ni àrùn náà, tàbí pé ẹ̀rọ fóònù tuntun ló ń fà á. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ dé sí Nàìjíríà ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta 2021, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún un.

Ẹni tó bá tọ́ka sí Sophia Odùnlámì láti fi dá ara rẹ̀ láre pé òun kò gba abẹ́rẹ́ kò ka ìtàn náà tán. Obìnrin náà dúró ní àkókò tí dókítà kò ní ìwòsàn kankan lọ́wọ́. Ohun tó kọ̀ kò tó ohun tí a rò. Ní 2021, ohun tí ń gba ẹ̀mí là wà lórí tábìlì. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí á jogún, kì í ṣe àìsí oògùn ìgbà ayé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ 2020, ìjọba Ògùn gbà kí ilé ìsìn ṣí padà, pẹ̀lú ìbòmú àti àyè láàárín ìjókòó. Àjọ ìlera àgbáyé kò kéde òpin ìpayà náà títí di oṣù Karùn-ún 2023. Iye àwọn tí ìjọba kọ sílẹ̀ pé kòrónà pa ní Nàìjíríà lé díẹ̀ ní 3,100, kò sì jọ ti lúkúlúkú rárá. Èrò ti padà sí Mowé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ti padà pẹ̀lú wọn.

Ewu tó kù ni ìgbàgbé. Ohun tí a mọ̀ nípa Shadare, Odùnlámì àti Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, a mọ̀ ọ́n nítorí pé àwọn kan kọ lẹ́tà, àwọn kan tọ́jú ìwé ìpàdé, àwọn òpìtàn sì tètè bá àwọn tó ṣẹ́kù sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kú. Ìtàn ọdún 2020 ń bẹ nínú fóònù. Ohùn àdúrà ìdájí, orúkọ àwọn tí a pín gààrí fún, àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣàìsàn àti ẹni tó bẹ̀ ẹ́ wò: bí fóònù bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn. Ìjọ tó kọ́ gbọ̀ngàn tó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lè ra ìwé àkọsílẹ̀ kan fún ìpàdé àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní Mowé, Ìbàfọ̀ àti Ifọ̀, kí akọ̀wé wọn kọ ohun tí wọ́n ṣe ní oṣù wọ̀nyẹn, ní Yorùbá, pẹ̀lú ọjọ́ àti ojúlé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Àrùn mìíràn lè dé lọ́jọ́ iwájú, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò sì fẹ́ mọ bí àwọn ìyá wọn ṣe pe orúkọ ara wọn mọ́jú nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì.